Ọjọ́ Ìyọlẹ̀kùn ní Oko Òkun

Ìlẹ̀kùn náà kọ̀, kò yọ.

Morádékẹ́ ti da òróró sí irin tó so ó mọ́ òpó, ó ti fi òòlù gbá a, ó ti bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó sì ti bú u bí ẹni ń bú ọmọ aláìgbọràn. Pàbó ló já sí. Iyọ̀ òkun ti jẹ irin yẹn débi pé ìlẹ̀kùn àti òpó ti di tọkọtaya, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya àwọn. Obìnrin náà nu òógùn ojú rẹ̀ nù, ó kọjú sí ọkọ̀ tó gbé e wá.

"Agbérù! Máa bọ̀ wá ràn mí lọ́wọ́."

Ẹ̀rọ náà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn bọ̀ lórí èbúté bí ewúrẹ́ tó gbúròó èèpo iṣu. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó di ìlẹ̀kùn mú lókè àti nísàlẹ̀, ó wá dúró gbagidi.

"Ṣé ẹrù ni, mà?"

"Ẹrù ni."

"Ṣé kì í ṣe èèyàn?"

"Agbérù, ṣé ìlẹ̀kùn jọ èèyàn lójú tìẹ ni?"

"Mo kàn ń béèrè ni, mà."

Kò sí ohun tí Morádékẹ́ lè ṣe ju kó rẹ́rìn-ín lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe gbogbo Agbérù ilé-iṣẹ́ Ìtànṣán nìyẹn. Ìbáà jẹ́ páálí bisikíìtì lo ní kó gbé, á kọ́kọ́ béèrè. Bí o bá sì ní èèyàn ni, kò ní fọwọ́ kàn án, àfi bí ẹni náà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kó gbé òun. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń fi ìbéèrè yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ mọ ìdí rẹ̀, nítorí wọ́n rántí ìgbà tí ẹ̀rọ ń gbé àpótí ńlá sínú ọkọ̀ ojú omi láìbéèrè ohun tó ń mí nínú rẹ̀.

Ìlẹ̀kùn han gooro, ó tú kúrò lára òpó, àwọn ẹyẹ òkun sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Agbérù ṣe ń gbé e lọ sínú ọkọ̀, Morádékẹ́ dúró sí àárín òpó méjèèjì, ó sì fi ohùn òkè kéde:

"Ìlẹ̀kùn ti yọ o! Ọ̀nà là títí oòrùn fi máa wọ̀! Ọkọ̀ wà ní èbúté, kò ní béèrè òrùka lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lónìí! Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ! Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó dúró! Mi ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun!"

Ó parí. Iṣẹ́ Ayọlẹ̀kùn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká yọ ìlẹ̀kùn, ká kéde, ká wá jókòó máa wo ẹsẹ̀. Inú ewé tí wọ́n ń gbìn sórí omi níbí ni Ìtànṣán ti ń fa òwú aṣọ-oòrùn, aṣọ tí wọ́n ń ta sórí òrùlé kí iná lè wà nínú ilé. Ilé-iṣẹ́ náà kì í sì í ra ewé lọ́wọ́ oko tí kò bá jẹ́ kí wọ́n wá yọ ìlẹ̀kùn òun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ tí olóko fúnra rẹ̀ ò mọ̀.

Ajímúdà tó ni oko náà ló kọ́kọ́ jáde sí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ olówó, èyí tí ìka ọwọ́ nìkan máa ń kan ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu òkun! Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí á gbọ́ kí á tó rí yín."

"Tí mo bá jẹ́ kí o gbọ́, ṣé Ayọlẹ̀kùn ni mí tàbí àlejò?"

Ajímúdà rẹ́rìn-ín, ohun kan sì ń dún ṣaworoṣaworo ní ìbàdí rẹ̀. Morádékẹ́ wò ó. Òrùka ọwọ́ ni, èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ nawọ́ rẹ̀ sí ọkọ̀ kó tó lè wọ̀ ọ́. Ó so wọ́n jọ bí ẹni so ẹja gbígbẹ.

"Òrùka àwọn òṣìṣẹ́ ló wà ní ìbàdí ẹ yẹn?"

"Omi ni wọ́n máa ń jù ú sí, ẹ̀gbọ́n. Mo ń bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni." Ó yára yí ọ̀rọ̀ padà. "Bàbá ti gbọ́ ohùn yín o. Wọ́n ní àfi kí wọ́n jáde wá kí yín."

"Bàbá wà níbí?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́, ojú náà sì ti di bàìbàì. Afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà yìí ló máa ń tù wọ́n lára."

Inú Morádékẹ́ dùn débi pé ó gbàgbé òrùka. Ọkùnrin mẹ́rin gbé Bàbá Orímisàn bọ̀ lórí àga ìrókò kan tó wúwo bí ọkọ̀. Wọ́n gbé àga náà kalẹ̀ sí àárín òpó méjèèjì gan-an. Ajímúdà fúnra rẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá rẹ̀ tó ti wú, ó rọra nà án lé orí àpótí kan, títí àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá fi kan òpó kejì.

Morádékẹ́ fi orúnkún rẹ̀ méjèèjì kúnlẹ̀ lórí èbúté. "Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú àlàáfíà."

"Ohùn ta ni mò ń gbọ́ yìí? Morádékẹ́? Ọmọ tó ń sunkún pé ìlẹ̀kùn wúwo?"

"Èmi náà ni, bàbá."

"Ṣé ó ṣì ń wúwo?"

"Agbérù ló ń bá mi gbé e báyìí."

"Háà! Ayé ti dẹ̀ fún yín." Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.

Ẹni tí kò bá mọ Bàbá Orímisàn kò lè mọ ìdí tí obìnrin àgbà bíi Morádékẹ́ fi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Bàbá yìí ni Ayọlẹ̀kùn àkọ́kọ́ láyé. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ká máa wa ọkọ̀ ẹrù, ó já iyọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí èèyàn ń kọrin lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì láti ìta. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú irinṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó yọ ìlẹ̀kùn náà, ó gbé e sórí, ó ń lọ. Ọlọ́dẹ sáré lé e, ó ní níbo lò ń gbé ìlẹ̀kùn lọ? Bàbá ní, "Mo fẹ́ lọ tún un ṣe ni." Kí ọlọ́dẹ tó ronú ọ̀rọ̀ náà tán, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ti dé ojú títì. Láti inú ìlẹ̀kùn kan yẹn ni Májẹ̀mú Ẹnu Ọ̀nà, òfin tí gbogbo Ayọlẹ̀kùn ń tẹ̀ lé, ti jáde, bàbá ló sì pe ọ̀rọ̀ inú májẹ̀mú náà lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn ọ̀pọ̀ akíkanjú tó mú idà. Èyí tó mú ìlẹ̀kùn ló wù mí jù.

Òun náà ló kọ́ Morádékẹ́ níṣẹ́. Ó kọ́ ọ pé kó má ṣe bi òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè, torí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà yóò dáhùn bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe fẹ́, wọ́n á sì tún nà án lẹ́yìn tí àlejò bá lọ. Ẹnu ń purọ́, ẹsẹ̀ kì í purọ́. Ó tún kọ́ ọ pé kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kó má jókòó síbi tí onítìjú á ti máa rò pé òun gbọ́dọ̀ kọjá níwájú àgbà. Ìdí nìyí tí Morádékẹ́ fi lọ jókòó sí òpin èbúté lábẹ́ ìbòòji ọkọ̀, tó ń wo ọ̀kánkán.

Ó rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń ti inú oko bọ̀. Ẹsẹ̀ wọn funfun fún iyọ̀, ọwọ́ wọn tutù fún ewé. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Olúwa á bù sí i fún yín. Ẹ ò ní fi ọwọ́ ṣe é kí ẹlòmíràn fi ẹnu jẹ ẹ́. Ó yá, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín, kí oòrùn má mú un mọ́ yín lọ́wọ́."

"Àmín, bàbá."

Wọ́n dìde, wọ́n sì padà. Àwọn mìíràn tún dé, bàbá tún gbàdúrà, àwọn náà tún padà. Ó wu Morádékẹ́ púpọ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ayé ò tíì bàjẹ́ tán bí àwọn ọmọ tálákà tó wà láàárín òkun ṣì lè mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà báyìí. Ó tiẹ̀ ń ro bí òun ṣe máa ròyìn rẹ̀ fún wọn ní ilé-iṣẹ́ ní Oǹdó.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ wá ni obìnrin kékeré kan tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ó ní Fẹ̀hìntọlá lorúkọ òun, ọmọ Ṣakí. Bàbá gbàdúrà fún un, ó padà. Kò pẹ́, ó tún dé, ó pọn ọmọ ọwọ́ kan sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, bàbá wúre fún ọmọ náà pẹ̀lú, ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó padà. Morádékẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó fẹ́ kí bàbá súre fún ọmọ òun ni.

Nígbà tí oòrùn ti kọjá orí, Fẹ̀hìntọlá tún bọ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ru ẹrù kan lórí, tí ó fi ìró dì pinpin. Ó kúnlẹ̀ tẹrùtẹrù.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

"Ìwọ ọmọ Ṣakí yìí, o mọ èèyàn kí o! Olúwa á kẹ́ ẹ. Ó yá, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ bàbá tó nà dé òpó kejì. Ó wo ọkọ̀ tó wà ní èbúté. Ó wo Ajímúdà tó dúró lẹ́yìn àga bàbá rẹ̀, tí òrùka ń dún ní ìbàdí. Ó ní, "Àmín, bàbá," ó sì yí padà tòun tẹrù.

Ẹ̀rín kú mọ́ Morádékẹ́ lẹ́nu. Ta ló ń di ẹrù wá kí àgbà? Ó wo ẹnu ọ̀nà náà bí ìgbà tí kò rí i rí. Láti òpó dé òpó, àga àti ẹsẹ̀ bàbá ló kún un. Ọmọ tí wọ́n kọ́ kò jẹ́ fò kọjá lórí ẹsẹ̀ àgbà. Kò jẹ́ sọ fún àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn pé kó ká a kò. Àgbà tó bá sì ti gbàdúrà fún ọ, tó ní máa padà, ìwọ náà á padà ni. Òun ti gbé ìlẹ̀kùn irin sínú ọkọ̀, ìlẹ̀kùn gidi sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, ó ń súre fún àwọn èèyàn. Inú bí i sí ara rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ pe Ajímúdà. Ọkùnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ àga bàbá rẹ̀ jáde, níbi tóóró tí ọmọ rẹ̀ nìkan lè gbójú gbà, ó fi ẹ̀gbẹ́ ra òpó bí alángbá, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ajímúdà, gbé bàbá kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

"Kí ni bàbá ṣe, ẹ̀gbọ́n? Atẹ́gùn ni wọ́n ń gbà."

"O mọ ohun tí mò ń sọ."

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín yọ ìlẹ̀kùn. Ṣé ẹ rí i kí n di ẹnikẹ́ni mú? Ẹsẹ̀ kì í purọ́, àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀? Ẹsẹ̀ wọn dúró. Ẹ tẹ òǹtẹ̀ sí ewé mi kí Ìtànṣán lè rà á, kí ẹ máa lọ."

"Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Ajímúdà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ó kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ fún bàbá nìyẹn. Ẹ ó sọ fún Orímisàn, ẹni tó yọ ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́, pé òun ló ti ẹnu ọ̀nà mọ́ èèyàn. Ọkàn bàbá ò lágbára mọ́, ẹ̀gbọ́n. Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó lè bà wọ́n nínú jẹ́. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, tí wọ́n kú, ọwọ́ ta ni òkú wọn wà?"

Ó tún fi ẹ̀gbẹ́ ra òpó, ó wọlé.

Morádékẹ́ wo Agbérù. Bó bá jẹ́ pé ó ṣeé ṣe ni, ìbá ní kí ẹ̀rọ náà gbé bàbá àti àga rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó ní ooru ló mú, kó gbé e lọ sábẹ́ ìbòòji, kí bàbá má sì mọ nǹkan kan títí ayé. Ó tiẹ̀ gbìyànjú rẹ̀.

"Agbérù, lọ bá mi gbé àga yẹn wá."

"Ṣé ẹrù ni, mà?"

"Àga ni."

"Èèyàn wà lórí ẹ̀, mà. Èèyàn kì í ṣe ẹrù. Ṣé èèyàn náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

Kò lè purọ́ fún ẹ̀rọ tó jẹ́ pé nítorí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa béèrè. Ó tẹ ẹ̀rọ ìpè tó wà ní etí rẹ̀, ó pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọn, Ìyáàfin Fadérera, ní Oǹdó. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò bu iyọ̀ sí i. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ tán, ó ní:

"Morádékẹ́, tó bá jẹ́ ti ewé ni, èyí rọrùn. Má tẹ òǹtẹ̀ sí i."

"Ọ̀gá, kò sí ewé mìíràn nílẹ̀ títí di ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Gbogbo òfì yín ló máa dúró."

"Kó dúró. Òfì ti dúró rí, a ò kú. A ó jókòó tì í, a ó máa wo ojú ara wa, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Mi ò ní fi òwú ẹni tí kò lè jáde hun ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ṣùgbọ́n tí a ò bá ra ewé, àwọn èèyàn yẹn ṣì wà nínú oko. Ọ̀la á tún mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ti bàbá ni mi ò lè bá ẹ pinnu. Bàbá ló gba èmi náà síṣẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nígbà tiwa yìí àti nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ò lè bá èèyàn sọ ló máa ń wúwo jù.

Oòrùn ti ń tẹ̀ sí apá ìwọ̀-oòrùn. Bó bá wọ̀, ìlẹ̀kùn á padà sórí òpó, ó di ọdún tó ń bọ̀. Morádékẹ́ rí Fẹ̀hìntọlá lẹ́yìn bàbá lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò sọ ẹrù kalẹ̀ síbẹ̀. Ó dúró sójú kan, ó ń jó ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sunkún, kò pariwo. Ojú rẹ̀ ń wo ọkọ̀.

Ayọlẹ̀kùn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ bàbá mú.

"Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù."

"Ẹ̀gbọ́n!" ni Ajímúdà kígbe.

"Jẹ́ kó sọ̀rọ̀," bàbá ní. "Kí ló dé tí ọwọ́ rẹ tutù, ọmọ mi? Èèyàn mélòó ló ti jáde láti àárọ̀?"

"Kò sí, bàbá."

"Mo ní mélòó ló jáde. Kì í ṣe mélòó ló lọ tí kò padà."

"Kò sí ẹnì kankan tó jáde, bàbá."

Bàbá Orímisàn gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ ń wá ohùn Morádékẹ́ kiri. "Kò sí bí ọ̀gá ṣe lè dára tó tí ẹnì kan ò ní fẹ́ jáde lọ ra ata. Ẹnì kan á fẹ́ lọ na ẹsẹ̀. Ẹnì kan á ti bá ìyàwó ẹ̀ jà. Oko tí gbogbo èèyàn bá dúró pátápátá, ṣé mi ò sọ fún ẹ pé òun ni kí o bẹ̀rù jù? Kí ló dí wọn lọ́nà?"

Omijé gba ojú Morádékẹ́. Kò lè sọ ọ́. Ó wá rántí pé bàbá ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó sì kà á sí bàbá létí bó ṣe wà nínú májẹ̀mú: "Ohunkóhun tó bá dí ẹnu ọ̀nà ní Ọjọ́ Ìyọlẹ̀kùn, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ irin, ìbáà jẹ́ ohun ọ̀wọ̀, ìlẹ̀kùn ni. Ẹ yọ ọ́."

Bàbá na ọwọ́ òsì, ó kan òpó. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ òpó kejì, ó tún un tẹ̀. Ó gbọ́ bí ọmọ kékeré kan ṣe ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ obìnrin Ṣakí tí òun ti lé padà lẹ́ẹ̀mẹta. Morádékẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, ẹ̀rù ń bà á pé ọkàn àgbà náà á dúró.

"Ajímúdà."

"Bàbá mi."

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo rò pé mo wà. Ta ló ní kí wọ́n gbé mi síbí?"

"Afẹ́fẹ́ ni, bàbá. Ara yín ni mo ń rò."

"Wọ́n ń kí mi láti àárọ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ràn mi ni." Ó gbé ọwọ́ kúrò lára òpó. "Mo ń súre fún wọn, mo sì ń lé wọn padà. Agbérù dà?"

Ẹ̀rọ náà wá, ó dúró níwájú rẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Ṣé ẹrù ni?"

"Èèyàn ni mí. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀, iṣẹ́ ìlẹ̀kùn ni mo ń ṣe. Èmi Orímisàn ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́: yọ mí."

"Níbo ni kí n gbé yín sí, bàbá?"

"Síta. Síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní máa kí mi."

Agbérù gbé e tàgatàga, jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé omi tó kún dé etí. Ẹsẹ̀ bàbá tó wú kan òpó bó ṣe ń kọjá, ìrora sì hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kérora. Ẹ̀rọ náà gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, ó yà á kúrò lọ́nà pátápátá. Morádékẹ́ tẹ̀ lé wọn, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ti rí ọba lórí ìtẹ́ rí. Kò rí ẹni tí ìjókòó yẹ tó ti bàbá yìí rí.

Ẹnu ọ̀nà ṣófo. Ó sì tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mira, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ajímúdà ló kọ́kọ́ mira. Ó sáré wá, ó jókòó bẹ̀ẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín òpó méjèèjì, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ wò ó, èmi náà ń gba atẹ́gùn!" ó ké. "Ẹni tó bá mọ̀ pé ilé ire lòun ti wá, kó má fò mí!"

Fẹ̀hìntọlá ti dé iwájú rẹ̀ tẹrùtọmọ. Ó dúró. Ajímúdà tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, ó sì jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ìyókù dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wo ohun tó máa ṣe.

"Kí ló tún dí ọ̀nà?" bàbá béèrè.

"Ajímúdà ni, bàbá," Morádékẹ́ dáhùn. "Ó na ẹsẹ̀."

"Ọmọ Ṣakí, ṣé ìwọ ló wà níbẹ̀ yẹn? Mo gbọ́ ohùn ọmọ ẹ."

"Èmi ni, bàbá."

"Fò ó."

"Bàbá, ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Kí ìyá ẹ pẹ́. Bàbá tó bí i ló ní kí o fò ó. Tó bá jẹ́ èèwọ̀, kí èèwọ̀ náà wá sórí mi. Fò ó, ọmọ mi, ilẹ̀ ń ṣú lọ."

Obìnrin náà fi ọwọ́ kan di ẹrù orí rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì ká ìró rẹ̀ sókè. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó sì ti wà ní ìta. Kò sáré. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fò, obìnrin mìíràn fò, àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, iyọ̀ ẹsẹ̀ wọn sì ń já bọ́ sórí ṣòkòtò Ajímúdà. Kò pẹ́ tó fi ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fúnra rẹ̀, kí wọ́n má bàa tẹ̀ ẹ́ fọ́.

"Ṣé wọ́n ń lọ?" bàbá béèrè.

Kò sí ìdí kí Morádékẹ́ dáhùn, nítorí bàbá ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí irin èbúté. Ó gbọ́ ọ tí ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn fẹ́ dúró kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ lé wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ. Bàbá Orímisàn, tí gbogbo etí òkun ń ṣí fìlà fún, na ọwọ́ sí orí ara rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó gbé e lé àyà, kò sì dé e padà títí ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn fi wọ inú ọkọ̀.